Rìsọ́ọ̀tì lábù ẹ̀yìn-olobe mi jáde, wọ́n ní eérú pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó

ÌyáAlágbo
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àgúnmu ni mo ń tà, ẹ̀yìn-olobe ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí, inú náílọ́ọ̀nù kékeré ni mo ń dì í sí, àwọn tó ń rà á máa ń dà á sínú ẹ̀kọ gbígbóná mu. Oníbàárà kan tó wà ní London wá ní òun fẹ́ kílò mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àfi tí mo bá ní ìwé àyẹ̀wò. Mo gbé díẹ̀ lọ sí lábù kan níbí n'Ìbàdàn, mo sanwó, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi nìyí, bí mo ṣe rí i ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́: omi inú ẹ̀ 13.6%, eérú gbogbo 21.4%, eérú tí ásíìdì ò yọ́ 9.8%, wọ́n sì rí E. coli. Ọmọbìnrin tó wà lórí kàǹtà kàn ní "Mà, kò pàásì" ni, ó bá kọjú sí ẹlòmíì.

Kí ni eérú ń wá nínú ewé tí mi ò sun? Mo fọ ewé yẹn o, ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ̀ ọ́. Ó dùn mí torí pé àwọn ọmọ tèmi náà ń mu àgúnmu yìí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé.

Lábù_Ìfẹ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́ Mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí, kò sì yẹ kí wọ́n fún yín níwèé láìṣàlàyé.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ sun ún, àwọn ni. Wọ́n á wọn bíi gíráàmù 3 nínú àgúnmu yín sínú ìkòkò tánganran kékeré, wọ́n á gbé e sínú iná tó gbóná tó 500 sí 600 lórí ìwọ̀n Celsius, á máa jó níbẹ̀ títí gbogbo ohun tó jẹ́ ewé á fi lọ tán, eérú funfun ló máa kù. Ewé gbogbo ló ní eérú tiẹ̀, kálísíọ̀mù wà níbẹ̀, pòtásíọ̀mù wà níbẹ̀, ìyẹn ò burú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìkejì. Wọ́n á da ásíìdì lé eérú yẹn, wọ́n á sè é fún ìṣẹ́jú 5, kálísíọ̀mù àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á yọ́ sínú ásíìdì, ohun tó bá kọ̀ tí ò yọ́ ni wọ́n máa sẹ́, tí wọ́n á tún sun, tí wọ́n á wọ̀n. Mà, ohun tó kọ̀ tí ò yọ́ yẹn, iyanrìn ni. Àwọn ewé kan ní silica, èròjà tó wà nínú iyanrìn, tiwọn lára lóòótọ́, bíi koríko ọba tí a fi ń se tíì, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè gbé ẹ̀yìn-olobe dé 9.8.

Ẹ wò ó báyìí: nínú kílò kan àgúnmu yín, ó ku díẹ̀ kó pé gíráàmù 100 tó jẹ́ ilẹ̀. Ẹ bu ṣíbí kan sínú ìfe dígí, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá fi ìka kan ìsàlẹ̀ ẹ̀.

Omi 13.6 yẹn, oven tó gbóná tó 105 ni wọ́n ń fi wò ó, wọ́n á máa yan án, wọ́n á máa wọ̀n ọ́n, títí ìwọ̀n ẹ̀ ò fi ní yí padà mọ́. Èmi ò kì í fẹ́ kó kọjá 10 tó bá jẹ́ àgúnmu tí wọ́n máa dì pa sínú náílọ́ọ̀nù, torí omi tó bá há sínú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó bu, nígbà míì ojú ò tiẹ̀ ní rí i, àwọn tó ń hu lórí ẹ̀ ló sì ń tu májèlé áfílátọ́sìn sílẹ̀, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀yìn-olobe tí wọ́n ń rà tìtorí ẹ̀dọ̀!

E. coli, kòkòrò àìfojúrí ni, inú ìgbẹ́ ló ti ń wá, tènìyàn tàbí tẹran. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ya ewé tí wọ́n máa da omi gbígbóná lé sọ́tọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju 100 lọ nínú gíráàmù kan, èyí tí wọ́n máa gbé mì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 10. Salmonella, kòkòrò míì, ní tiẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí rárá. Ẹ̀kọ kì í hó mọ́ tí wọ́n bá ti bù ú sínú ife, nítorí náà ìkejì ni tiyín.

Ẹ sọ fún mi Mà: níbo lẹ ti ń ra ewé, níbo lẹ ti ń sá a, ta ló ń lọ̀ ọ́?

BàbáEléwé
Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń jókòó ti ewé ní Ọjà Bódè, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ọ̀rọ̀ iyanrìn yẹn ò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yìn-olobe kì í ga, kò ju orúnkún lọ, tí òjò bá rọ̀ gbogbo ẹrẹ̀ ló máa ta sí i lára, àwọn tó ń kó o wá tà kì í gé e, fífà ni wọ́n ń fà á tu, tigbòǹgbò tiyẹ̀pẹ̀. Bí ẹ bá wá fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó ti rọ, iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí kí n bi yín ni pé, ṣé ẹ̀yìn-olobe ni? Òmíì wà tó jọ ọ́ bí ìbejì. Ẹ mú un ní tútù, ẹ yí i dojú dé, abẹ́ ewé ni èso ẹ̀ wà ní wóróbo wóróbo. Èyí tí a ń wá, èso ẹ̀ ń dán, ó ní ọ̀pá tín-ín-rín tó fi rọ̀. Ìkejì ẹ̀, èso tiẹ̀ há mọ́ igi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀pá, ara ẹ̀ sì rí ṣákiṣàki, igi ẹ̀ náà máa ń pọ́n. Tí wọ́n bá ti gbẹ, kò rọrùn. Tí wọ́n bá ti lọ̀ wọ́n, ó parí. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gba ewé gígún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀.

ÌyáAlágbo
Bàbá, ẹ ṣé o, ẹ ó pẹ́ fún wa. Dókítà lábù, ẹ ṣé.

Mo ti bu ṣíbí kan sínú ìfe. Ilẹ̀ ni. Mo fi ìka kàn án, ó ń rún kẹ́kẹ́ bí ìgbà tí garí bá ní òkúta. Mo jókòó sí kíṣìnì, mo kàn ń wò ó ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Obìnrin kan ló ń kó o wá fún mi ní àpò-àpò láti oko, ó máa ń ti gbẹ dé ìdajì kó tó dé, mi ò rí èso ẹ̀ rí. Mo ń fọ̀ ọ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n inú bàsíà kan ni, omi kan náà ni mo fi ń fọ gbogbo àpò torí a máa ń ra omi níbí. Orí tapólì létí títì ni mo ń sá a sí, ilé wa ò ní àgbàlá, ewúrẹ́ ń kọjá níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata ni mo ti ń lọ̀ ọ́, ó máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ fọ ẹnu ẹ̀rọ.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ
Mà, ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi kì í ṣe onímọ̀ ewé, ẹ̀rọ ìlọta ni mo ń tún ṣe. Àwo irin méjì tó ń fara gbo ara wọn nínú ẹ̀rọ yẹn, ó ń jẹ ara wọn ni. Àwo tuntun tí mo bá fi sí i, tí oníbàárà bá gbé e padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ti fẹ́lẹ́. Ibo ni irin tó kù lọ? Inú ohun tí wọ́n ń lọ̀ ni. Tó bá jẹ́ ohun gbígbẹ ló tiẹ̀ burú jù torí kò sí omi tó máa tu àwo lára. Ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì, ti sípíkà tó ti bàjẹ́ náà dáa, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e, kẹ́ ẹ wà á kọjá nínú àgúnmu yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Àgbẹ̀Ọ̀dọ́
Nǹkan míì wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ. Ẹ̀yìn-olobe, koríko ni lójú àgbẹ̀. Inú oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ti ń hù, gbogbo wa la sì ń fín oògùn apakoríko báyìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ roko mọ́. Tí mo bá fín in lónìí, kì í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó rọ, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn tútù yọ̀yọ̀ ló máa wà. Mo ti lé àwọn tó ń já ewé kúrò nínú oko mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn tán, wọ́n rò pé mò ń ṣahun sí wọn ni. Ẹ bi obìnrin yẹn oko tó ti ń kó o, Mà, ẹ bi í dáadáa.

ỌmọOníṣègùn
Ẹ dákun, mo gbọ́ gbogbo àlàyé yìí o, ṣùgbọ́n bàbá bàbá mi ò gbé ewé lọ sí lábù kankan, ó wo àìmọye ènìyàn, ó sì lo ọgọ́rin ọdún ó lé láyé. Ẹ̀rù tí wọ́n ń dá bà wá yìí ló ń jẹ́ káwọn ọmọ wa máa sá fún àgbo. Lónìí eérú, lọ́la ásíìdì, ọ̀tunla wọ́n á ní kí ìyá yìí lọ wá mílíọ̀nù méjì wá kó tó lè ta ewé tí Ọlọ́run hù fún wa. Kò tọ́.

BàbáEléwé
Ọmọ mi, o ò purọ́, mo mọ àwọn àgbà tó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Bàbá yẹn, nígbà tí aláìsàn bá dé, ṣebí òun fúnra ẹ̀ ló ń wọgbó? Ó mọ igi náà, ó mọ ibi tó hù sí, ó mọ̀ bóyá àárọ̀ ló yẹ kó já a. Ó gbé e dé, ìyàwó ẹ̀ fọ̀ ọ́ lódò, wọ́n gún un lójú ẹ̀, aláìsàn mu ún níwájú ẹ̀, tí ara ẹ̀ bá yí padà bàbá wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò nìyẹn! Ojú ẹ̀, imú ẹ̀, ahọ́n ẹ̀ ni lábù ẹ̀. Ewé tí ìyá yìí ń tà ti gba ọwọ́ márùn-ún kó tó dénú ẹ̀kọ, kò sì sí ìkankan nínú ọwọ́ márùn-ún yẹn tó mọ ohun tí èkejì ṣe. Kí la wá fẹ́ fi rọ́pò ojú àgbà?

Lábù_Ìfẹ̀
Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an lẹ sọ.

Ẹ̀gbọ́n ỌmọOníṣègùn, kì í ṣe àgbo ilẹ̀ wa nìkan lèyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan ń gba oògùn kí wọ́n lè fọn ní ilé ìtọ́jú kan ní Brussels, egbò Ṣáínà tó ń jẹ́ Stephania tetrandra ló yẹ kó wà níbẹ̀. Aristolochia fangchi ni wọ́n kó fún wọn, orúkọ méjèèjì jọra ní èdè Ṣáínà. Ó lé ní 100 ènìyàn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́, jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ tún mú lára wọn lẹ́yìn náà. Àṣìṣe orúkọ lásán ni, tó gba inú gígún kọjá.

Mà, nípa ìbéèrè Bàbá: èyí tó ní ọ̀pá yẹn ni Phyllanthus amarus, èyí tó rí ṣákiṣàki yẹn jọ Phyllanthus urinaria. Ẹ gé odindi kan, tèso tewé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn kó gbẹ, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí Forest Herbarium tó wà ní FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó, n'Ìbàdàn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ewé mọ̀, wọ́n á fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FHI. Nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa kọ sínú ìwé yín títí láé.

ÌyáAlágbo
Mo ti rí mágínẹ́ẹ̀tì, ọmọ mi tú u lára rédíò àtijọ́. Mo fi náílọ́ọ̀nù wé e, mo wà á nínú àgúnmu bí ẹ ṣe wí, mo yọ ọ́ síta. Ó hu irun dúdú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, irun kéékèèké dúdú dìde dúró lára ẹ̀, tí mo bá yí i wọ́n á yí pẹ̀lú ẹ̀. Mo bó náílọ́ọ̀nù yẹn sórí àwo funfun, mo tún wà á lẹ́ẹ̀kejì, ó tún hu ú.

Kílò 14 ló wà nílẹ̀ tí mo ti dì. Mi ò ní tà á.

Ìjẹ̀ṣàLondon
Ọlọ́run á bù kún un yín Mà, ohun tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ò wọ́pọ̀. Kí n wá sọ ti ibí fún un yín kẹ́ ẹ má lọ pàdánù owó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2011, ọjà ewé tí ilé iṣẹ́ bá ti ṣe, tó bá sọ pé òun ń wo àìsàn kan, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé lọ́dọ̀ MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn níbí, wọ́n máa ń kọ THR àti nọ́ńbà sára ẹ̀. Oníbàárà yín lè fẹ́ tà á bíi tíì lásán, ìyẹn ò ní í jẹ́ kó kọ ohunkóhun nípa ẹ̀dọ̀ tàbí ibà pọ́njú sára páálí. Ẹ bi í kó tó di pé ẹ gbé ẹrù. Ní Peckham níbí, àgúnmu pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ò ní ju orúkọ Yorùbá kan lára náílọ́ọ̀nù, kò sí ọjọ́, kò sí ìlú tó ti wá.

Nílé náà, NAFDAC tí ẹ bá rí lára àgbo tó ní lẹ́tà L ní ìparí nọ́ńbà ẹ̀, ọdún méjì ló ń lò, ó sì máa ń wà lára ẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tó ní òun ń wò wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò kà á dé ibẹ̀.

AlágboJẹ̀dí
Ẹ jọ̀wọ́, tèmi ò kí ń ṣe àgúnmu, ògógóró ni mo fi ń rẹ ewé, mo ń sẹ́ ẹ sínú ìgò. Ṣé àyẹ̀wò eérú yẹn kàn mí? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé agbára ewé wọnú ọtí lóòótọ́, torí nígbà míì ó máa ń ki, nígbà míì á dà bí omi lásán.

Lábù_Ìfẹ̀
Ó kàn yín lórí ewé kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́, sà. Lẹ́yìn ìyẹn òmíì wà. Wọ́n á mú gíráàmù 4 ewé gbígbẹ, wọ́n á da ọtí mílílítà 100 lé e, wọ́n á máa mì í fún wákàtí 6, á tún dúró fún wákàtí 18, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wọn mílílítà 25 nínú ẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ àwo ni ohun tí ọtí rí fà jáde lára gíráàmù kan ewé. Tí tọdún tó kọjá bá jẹ́ 18%, tí tòní wá jẹ́ 7%, ewé ti gbó jù, tàbí wọ́n ti sá a jù, tàbí ẹnì kan ti fà á jáde tẹ́lẹ̀ kó tó gbẹ́ ìdọ̀tí ẹ̀ tà fún un yín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni TLC. Páálí dígí kan ni, silica funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Ẹ kán omi ewé yín sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ kán ti ewé tí ẹ mọ̀ dájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ wá tì í bọ inú ìgò tí oje kẹ́míkà méjì, hexane àti ethyl acetate, wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Oje yẹn á máa gùn ún bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, á máa gbé àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálùkù á dúró síbi tí agbára ẹ̀ bá mọ. Tí ẹ bá tan iná UV sí i, ẹ ó rí wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn-olobe gidi, ẹ ó rí phyllanthin, èròjà kan tó wà nínú ewé yìí, níbi tó yẹ kó wà. Tí ẹnì kan bá sì ti da páràsítámọ̀ sínú àgbo kó lè tètè ṣiṣẹ́, ó lè yọ síbẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi.

Ọtí yín wá ńkọ́ sà? Ẹ ò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní Oǹdó lọ́dún 2015, methanol, irú ọtí olóró kan, tó wà nínú ògógóró ni wọ́n ní ó fọ́ àwọn ènìyàn lójú, tó sì pa wọ́n. Ahọ́n ò lè mọ methanol yàtọ̀. Ẹ yẹ ọtí wò kẹ́ ẹ tó yẹ ewé wò, ẹ jọ̀ọ́.

ỌmọOníṣègùn
Bàbá, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má bínú. Bàbá bàbá mi kì í ra ewé, lóòótọ́, mi ò rí i kó ra ewé rí.

ÌyáAlágbo
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ó ti lé lóṣù kan. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Mo da kílò 14 yẹn nù. Mo pe àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ mi, mo ní kí wọ́n má mu èyí tó kù nílé wọn mọ́. Méjì bú mi, àwọn tó kù ṣàdúrà fún mi. Obìnrin tó ń kó ewé wá sọ pé ibikíbi tóun bá ti rí i lòun ti ń fà á, òun ò mọ̀ bóyá wọ́n fín oògùn níbẹ̀, nítorí náà mo dúró ríra. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ilẹ̀ ní ọ̀nà Ìdó, ó ní kí n lọ gé ti ibẹ̀, wọn ò fín oògùn níbẹ̀ rí. Ọ̀bẹ ni mo fi gé e, mo fi gbòǹgbò sílẹ̀. Omi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sá a sínú yàrá lórí nẹ́ẹ̀tì tí mo so kọ́ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹ̀, títí ó fi ń fọ́ kẹ́kẹ́ lọ́wọ́. Odó ni mo fi gún un. Apá ń ro mí títí dòní.

Rìsọ́ọ̀tì tuntun: omi 8.7%, eérú gbogbo 9.1%, èyí tí ásíìdì ò yọ́ 1.3%, wọn ò rí E. coli, wọn ò rí Salmonella. Mo sunkún ní kàǹtà yẹn.

Ohun kan ló kù. Mo sanwó TLC náà, wọ́n ní àmì phyllanthin yẹn wà ṣùgbọ́n ó ṣú, kò mọ́lẹ̀ tó ti ewé tí wọ́n fi wé e, wọ́n ní ó lè jẹ́ pé oríṣi méjì ló dàpọ̀. Mo padà lọ wo ilẹ̀ yẹn. Bàbá, mo yí wọn dojú dé bẹ́ ẹ ṣe wí, àwọn kan ní ọ̀pá lábẹ́, àwọn kan ò ní. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìdajì wákàtí, àwọn kan ṣì wà tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

BàbáEléwé
Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Ẹ wá sí Bódè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú. Ẹ wú èyí tí ò yé yín yẹn mẹ́wàá mẹ́wàá, tèso tigbòǹgbò, ẹ wé wọn sínú ewé kókò kí wọ́n má rọ. Ẹ má gún ìkankan.